Irọ́ Kan Náà, Ilé Méjì: Big Brother ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà

Ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 2000 ni. Àwọn ènìyàn díẹ̀ jókòó yí tábìlì oúnjẹ ká nínú ilé tí wọ́n ti ń ṣe ètò tẹlifíṣọ̀n Big Brother ní Bow, ìhà ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, kámẹ́rà sì ń wò wọ́n láti gbogbo kọ̀rọ̀ ilé. Craig Phillips, ọmọ Liverpool tó ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà, ló ń bi ìbéèrè. Nick Bateman ló wá jẹ́jọ́. Nick ti ṣe alágbàtà rí láàárín àwọn olówó Lọ́ńdọ̀nù, Gordonstoun ló sì lọ, ilé-ìwé kan náà tí Charles tó jọba lónìí lọ. Craig kò fa aṣọ ẹnikẹ́ni ya. Ó ń bi í ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni: ìwé pélébé tí orúkọ àwọn ará ilé wà lára rẹ̀ yìí, kí ló ń ṣe lọ́wọ́ rẹ? Kí ló dé tí o sọ fún lágbájá pé kó dárúkọ tàmẹ̀dò, tí o tún yà sọ́dọ̀ tàmẹ̀dò tí o sọ nǹkan mìíràn? Nick ń wí àwíjàre, àwíjàre náà ò sì délẹ̀. Nígbà tó yá, ó dìde, ó wọ yàrá lọ, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti jáde nílé.

Ọ̀tẹ̀ ló dì, irọ́ ló pa, ojú méjì ló sì ń ṣe. Ní ọdún tó tẹ̀lé e gan-an, ọkùnrin kan ṣe ohun kan náà nínú ilé Big Brother ti Amẹ́ríkà, ní Los Angeles. Ó tiẹ̀ ṣe é ju Nick lọ, nítorí kò bò ó. Wọ́n kó $500,000 fún un. Àlàfo tó wà láàárín ọkùnrin méjì yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, torí mo rò pé ó sọ nípa àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ará Amẹ́ríkà ju ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa ara wọn lọ.

Ilé tó wà ní Bow

Ètò náà kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì, kì í sì í ṣe ti Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ Netherlands ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é lọ́dún 1999, iléeṣẹ́ Endemol tí John de Mol wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ló sì tà á káàkiri ayé. Ẹ kó àjèjì bíi mẹ́wàá sínú ilé kan, ẹ gba fóònù, ìwé ìròyìn àti tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́ wọn, ẹ tìlẹ̀kùn, kí kámẹ́rà sì máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Oṣù keje ọdún 2000 ni àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì gbé e sáfẹ́fẹ́, CBS ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 5, Channel 4 ní Ìlú Ọba ní ọjọ́ 18. Ènìyàn mẹ́wàá ní ibí, mẹ́wàá ní ọ̀hún. Kì í sábà ṣẹlẹ̀ pé kí a fún ìlú méjì tó ń sọ èdè kan náà ní nǹkan kan náà lásìkò kan náà, kí a wá jókòó wo ohun tí oníkálukú máa fi ṣe.

Bí eré náà ṣe ń lọ rèé. Ará ilé kọ̀ọ̀kan á wọ yàrá kékeré kan lọ, á dá nìkan bá Big Brother sọ̀rọ̀, á sì dárúkọ ẹni méjì tó fẹ́ kó kúrò. Àwọn tí wọ́n bá dárúkọ jù lọ ni wọ́n á tì síwájú àwọn òǹwòran. Àwọn òǹwòran á fi fóònù dìbò, ẹni tí ìbò bá já lù á gbé báàgì rẹ̀. Òfin kan wà tí wọn kì í fi ṣeré: ẹ ò gbọdọ̀ jíròrò láàárín ara yín lórí ẹni tí ẹ máa dárúkọ.

Òfin yẹn ni Nick sọ di ẹ̀kọ tútù. Ó fi ìwé àti ohun ìkọ̀wé pamọ́. Á kọ orúkọ kan, á fà ẹnì kan sẹ́yìn, á fi hàn án wéré, á sì tún fi ojú ẹni tó ń ranni lọ́wọ́ bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tó kàn, orúkọ mìíràn. Kí àánú rẹ̀ lè máa ṣe wọ́n, ó tún dá ìtàn sílẹ̀ pé ìyàwó òun kú nínú jàǹbá ọkọ̀. Irọ́ ni. Àwọn ará ilé ò mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó wà nílé lórí àga wọn rí gbogbo rẹ̀. Wọ́n ń rí i tó ń gbá ẹni yìí mọ́ra láàárọ̀, tó ń tú u fó lọ́sàn-án. Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ti Nick kò gbà ju bí oṣù kan lọ.

Àwọn ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù ti sọ ọ́ ní Nasty Nick, ìyẹn Nick oníwà burúkú, kó tó jáde. Ní ọjọ́ tí àṣírí tú, àwọn òṣìṣẹ́ ń wo àwòrán inú ilé náà ní tààràtà lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì ń wọ́ bí ìgbín. Ẹ rántí pé kò pa ènìyàn, kò jalè, kò nà ẹnikẹ́ni. Ó gbìyànjú láti borí nínú eré tí owó wà nídìí rẹ̀ ni, gbogbo ìlú sì bínú sí i bí ẹni pé ó ta orílẹ̀-èdè.

Ẹni tó bá mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa á rí nǹkan mìíràn nínú ẹjọ́ orí tábìlì yẹn. Ní Ìlú Ọba, bí ènìyàn bá ti lanu, wọ́n ti mọ ibi tí wọ́n bí i sí, ilé-ìwé tó lọ àti iye tí bàbá rẹ̀ ń rí gbà. Ohùn Nick jẹ́ ohùn àwọn ọmọ olówó. Ohùn Craig jẹ́ ohùn Liverpool tí kò ṣeé fi pamọ́. Ìgbà wo ni ọmọ bíríkìlà máa ń ríbi jókòó tí á máa bi ọmọ Gordonstoun ní ìbéèrè, tí ọmọ Gordonstoun á sì máa wo ilẹ̀? Inú àwọn òǹwòran dùn sí ohun tí wọ́n rí, wọn ò kàn sọ ọ́ síta bẹ́ẹ̀ ni. Òtítọ́ ni wọ́n ní àwọn ń gbèjà, mo sì gbà, ṣùgbọ́n ìgbádùn wà nínú rẹ̀ tí kò kan òtítọ́.

Craig ló borí ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án. £70,000 ni ẹ̀bùn náà, ó sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ní àìsàn Down's, tó nílò iṣẹ́ abẹ láti pààrọ̀ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró. Kò sẹ́ni tó lè kọ ìparí tó wu àwọn Gẹ̀ẹ́sì jù báyìí lọ. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè ohun tí Craig mọ̀ ọ́n ṣe nínú eré náà, wọn ò ní rí nǹkan sọ. Kò ta ọgbọ́n kankan. Wọ́n fẹ́ràn ìwà rẹ̀ ni.

Ilé tó wà ní Los Angeles

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn òpùrọ́, kó kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n ṣe ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn. Ohun kan náà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ni. Nígbà tí wọ́n fún àwọn òǹwòran Amẹ́ríkà ní fóònù, wọ́n fi lé àwọn tó ń dá yánpọnyánrin sílẹ̀ jáde lákọ̀ọ́kọ́. Àwọn ọmọlúwàbí ló ṣẹ́kù. Wọ́n ń dáná, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń gbàdúrà fún ara wọn, àwọn òǹwòran sì ń sùn lọ lórí àga.

CBS bẹ̀rẹ̀ sí í wá ojútùú. Wọ́n gbé owó síwájú àwọn ará ilé pé ẹni tó bá fẹ́ kúrò fúnra rẹ̀ kó gbà á, kí ẹni tuntun lè wọlé rọ́pò rẹ̀. $20,000 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sún un dé $50,000. Gbogbo wọn wo owó náà, wọ́n kọ̀ ọ́. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, àwọn ará ilé tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jíròrò bóyá kí gbogbo wọn jọ rìn jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kí ètò náà sì parí síbẹ̀. Ìṣọ̀kan dé ibi tí kò yẹ kó dé! Ẹni tó ni ètò á ti fẹ́ẹ̀ ya aṣọ mọ́ ara rẹ̀ lọ́rùn. Eddie McGee, ọ̀dọ́mọkùnrin tí àrùn jẹjẹrẹ gba ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀, ló gba $500,000 ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án.

Ètò kejì tí CBS ń ṣe nínú ẹ̀ẹ̀rùn kan náà ló yí ọ̀rọ̀ padà. Survivor ni. Àwọn ènìyàn mẹ́rìndínlógún lórí erékùṣù kan nítòsí Borneo, ẹ̀bùn $1,000,000, ara wọn sì ni wọ́n ń dìbò lé jáde. Richard Hatch tètè rí ohun tí àwọn yòókù ò rí: bí ènìyàn mẹ́rin bá mulẹ̀ pé ẹnì kan làwọn máa dìbò lé lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ń dìbò bó ṣe wù wọ́n á tán ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó purọ́ ibi tó yẹ kó purọ́, ó sì sọ ọ́ níwájú kámẹ́rà pé bẹ́ẹ̀ lòun ń ṣe. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ, ó gba mílíọ̀nù náà, ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 51 sì wò ó.

Ẹ wo kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ 17 ni wọ́n lé Nick jáde ní Bow, tó ń sunkún, nítorí pé ó dìtẹ̀. Ọjọ́ 23 ni Richard Hatch di mílíọ̀nù-nía nítorí pé ó dìtẹ̀ dáadáa. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé láàárín wọn.

CBS kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò wòlíì. Ní ọdún 2001, wọ́n tú òfin Big Brother palẹ̀. Wọ́n gba ìbò kúrò lọ́wọ́ àwọn òǹwòran, wọ́n gbé e fún àwọn ará ilé. Ẹnì kan á di olórí ilé fún ọ̀sẹ̀ kan, á dárúkọ ẹni méjì, àwọn yòókù á dìbò lé ọ̀kan jáde. Nígbà tó bá ku ẹni méjì, àwọn tí wọ́n ti lé jáde á padà wá yan ẹni tó máa gba owó. Ìjíròrò tí wọ́n fi lé Nick jáde wá di iṣẹ́ tí gbogbo ará ilé ń ṣe láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lóru. Ẹni tí kò bá jíròrò, òun ni wọ́n ń jíròrò lé lórí.

Will Kirby, dókítà ọ̀dọ́ kan, ọkùnrin tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ pé ó gba $500,000, ló kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó sọ fún àwọn ará ilé lójú wọn pé òun máa ń purọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó purọ́ fún wọn. Ó mulẹ̀ pẹ̀lú àwọn kan, ó fi wọ́n sílẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ gbóná, ó sì ń tọrọ àforíjì bí ọmọ ilé Ọlọ́run. Àwọn tó gbé ṣubú ló wá jókòó ní ọjọ́ tó kẹ́yìn láti yàn láàárín òun àti obìnrin kan, òun ni wọ́n sì dìbò fún. Ibí yìí ló máa ń ya àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó bá wò ó lẹ́nu. Báwo lo ṣe máa fi ọwọ́ ara rẹ kó owó fún ẹni tó tàn ọ́? Èsì ará Amẹ́ríkà ni pé eré la jọ ṣe, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ. Ìbínú kò gbọdọ̀ dí ọ lọ́nà kí o má yin ẹni tó borí. Wọ́n tiẹ̀ lè bínú sí ọ bí o bá jẹ́ kí ìbínú dìbò fún ọ.

Ohun tó fà á

Àlàyé tó rọrùn ni pé Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn òtítọ́, Amẹ́ríkà fẹ́ràn owó. Mi ò gbà á. Ohun àkọ́kọ́ tó ba àlàyé yẹn jẹ́ ni pé Gẹ̀ẹ́sì ló ronú Survivor. Charlie Parsons, ọmọ Ìlú Ọba, ló dá a sílẹ̀, Sweden ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 1997. Nígbà tí ITV wá gbé e dé ilé fún àwọn tó ni ín ní ọdún 2001, pẹ̀lú ẹ̀bùn £1,000,000, ọdún méjì péré ló lò. BBC tún jí i dìde ní 2023, ìgbà kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é. Ọmọ onílé tí kò rí ibùsùn nínú ilé bàbá rẹ̀.

Mo rò pé ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ohun tí oníkálukú gbà pé òun ń wò. Gẹ̀ẹ́sì gbà pé òun ń wo àwọn ènìyàn tó ń gbé pọ̀, bí ẹni ń yọjú láti ojú fèrèsé wo àwọn tó wà ní ilé kejì. Nítorí náà, ohun tó ń dán wò ni bóyá ènìyàn yìí ṣeé bá gbé. Ṣé ó ń fọ abọ́? Ṣé ó ń dákẹ́ nígbà tó yẹ? Ṣé ojú tó fi hàn wá lánàá ló fi hàn wá lónìí? Ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ní ìdáríjì nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni kí ènìyàn máa ṣe bí ẹni pé òun ò fẹ́ borí, kó sì máa fi ẹ̀yìn ilé borí. Nick ì bá jẹ́ aláriwo, kó jẹ́ ọ̀lẹ, wọn ì bá forí jì í. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń fura sí ẹni tó bá ń sapá jù, pàápàá bó bá ń sapá ní ìkọ̀kọ̀.

Ará Amẹ́ríkà gbà pé òun ń wo ìdíje. Kò sẹ́ni tó ń bi agbábọ́ọ̀lù léèrè bóyá ó ṣeé bá gbé. Ohun tí wọ́n ń tẹ́ńbẹ́lú ní ọ̀dọ̀ tiwọn ni ẹni tó wọlé, tó ń jẹun, tó ń sùn, tí kò gbìyànjú ohunkóhun, tó wá dé ìparí nítorí pé kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀. Wọ́n ní orúkọ búburú fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹni tó léfòó. Ní Ìlú Ọba, ẹni tó léfòó yẹn lè gba ẹ̀bùn.

Owó náà wà níbẹ̀ o, mi ò sọ pé kò sí. Nítorí £70,000, ojú lè ti ènìyàn láti pa irọ́ ìyàwó tó kú. Nítorí $500,000, ojú náà á kọ́kọ́ rò ó wò. Àti pé Channel 4 fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń gbé ètò tiwọn jáde lójoojúmọ́, àwọn òǹwòran sì ń bá àwọn ará ilé rin ìrìn-àjò kékeré-kékeré. Mo ti rí ìlàjì wákàtí kan tí wọ́n fi ń wo àwọn tó ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí ìkòkò tíì. Amẹ́ríkà kò ní sùúrù fún ìyẹn.

Ẹni tó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́

Ìbéèrè tí mo kà sí jù nínú ẹjọ́ yìí ni pé ta ló ní ìbò. Bí òǹwòran bá ní i, ìlú ló ń dájọ́. Bí ará ilé bá ní i, ìlú á máa pariwo láti ìta ni.

Ní oṣù kìíní ọdún 2007, nínú Big Brother àwọn gbajúmọ̀ ní Ìlú Ọba, Jade Goody àti àwọn méjì mìíràn ń fi ìran Shilpa Shetty, òṣèré fíìmù láti Íńdíà, ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀sùn tó lé ní 44,000 dé ọ̀dọ̀ Ofcom, àjọ tó ń mójú tó tẹlifíṣọ̀n. Gordon Brown, tó jẹ́ mínísítà owó nígbà náà, wà ní Íńdíà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ilé Big Brother ni wọ́n sì ń bi í. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe onígbọ̀wọ́ ètò náà fà sẹ́yìn. Nígbà tí Jade àti Shilpa wá wà lójú ìbò, ìdá 82 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò náà ló lé Jade jáde. Shilpa ló borí. Ìlú dájọ́, ó sì tètè dá a. Bóyá ìdájọ́ yẹn wo ohunkóhun sàn nínú ìlú náà ni mi ò lè búra sí, ó rọrùn láti fi fóònù wẹ ara ẹni mọ́. Jade náà wá láti ìdílé tí kò ní lọ́wọ́, àwọn ìwé ìròyìn kan sì gbádùn bíbú u ju bí wọ́n ṣe gbádùn gbígbèjà Shilpa.

Ní ọdún 2013, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nínú ilé ti Amẹ́ríkà. Ọmọbìnrin kan láti Texas àti àwọn kan mìíràn ń sọ ọ̀rọ̀ àbùkù sí àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ará Éṣíà. Àwọn tó ń wo àwòrán tààràtà lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́ ọ, wọ́n figbe ta. Iléeṣẹ́ tó ń bá a wá iṣẹ́ aṣọ àfihàn já a sílẹ̀, CBS gbé ìkéde jáde pé ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe tàwọn. Ṣùgbọ́n ta ló máa lé e? Àwọn ará ilé ló ní ìbò, òun fúnra rẹ̀ sì ń borí nínú ìdíje olórí ilé, ó ṣe é nígbà mẹ́rin. Òpin oṣù kẹjọ ni wọ́n tó lé e, wọ́n sì lé e nítorí eré ni. Kó tó jókòó ní ìta ni Julie Chen, atọ́kùn ètò náà tó jẹ́ ọmọ Ṣáínà ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ padà fún un ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìgbà náà ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ìlú ti gbọ́.

Tí a bá dúró síbẹ̀, a lè sọ pé ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì dára jù. Ẹ jẹ́ ká dé 2021. Ó ti lé ní ogún ìgbà tí wọ́n ti ṣe Big Brother tó wà fún àwọn aráàlú lásán ní Amẹ́ríkà, aláwọ̀ dúdú kan kò sì borí rí níbẹ̀. Bó ṣe máa ń lọ ni pé aláwọ̀ dúdú kan tàbí méjì á wọlé, ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ dá sílẹ̀ kì í ní wọn nínú, wọ́n á sì jáde ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún náà, àwọn mẹ́fà wà nílé. Wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n mulẹ̀, wọ́n sọ ẹgbẹ́ náà ní Cookout, bí àpèjẹ ẹ̀yìnkùlé tí àwọn ẹbí aláwọ̀ dúdú máa ń ṣe.

Ọgbọ́n inú rẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù, iṣẹ́ Tiffany Mitchell ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí àwọn mẹ́fà bá ń jókòó pọ̀, gbogbo ilé á mọ̀ lọ́jọ́ kejì, ojú ò sì ní fọ́ sí àwọ̀ wọn. Nítorí náà, wọn kì í jókòó pọ̀. Wọ́n ṣètò pé kí oníkálukú ní ọ̀rẹ́ kan tí kò sí nínú ẹgbẹ́, kó sì máa rìn tọ ọ̀rẹ́ náà lójú gbogbo ilé. Ọ̀rẹ́ yẹn ni ààbò. Tí wọ́n bá gbé ọmọ ẹgbẹ́ sórí àga ìyọkúrò, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n á gbé tì í, ọ̀rẹ́ náà ló máa lọ. Àwọn kan nínú wọn sunkún lóòótọ́ nígbà tí wọ́n ń ti ọ̀rẹ́ wọn jáde, ẹkún yẹn kì í ṣe ti eré. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló gbẹ̀yìn. Xavier Prather, agbẹjọ́rò láti Michigan, gba $750,000. Àwọn kan sọ níta pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni ohun tí wọ́n ṣe náà. Ṣùgbọ́n ogún ọdún ni ẹgbẹ́ tí kò ní aláwọ̀ dúdú nínú ti ń dá sílẹ̀ nínú ilé yẹn láìsí ẹni tó fún un lórúkọ.

Irọ́ ni wọ́n pa. Òfin ilé Bow ì bá ti lé wọn jáde ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Láìsí irọ́ yẹn, kò sí ohun tí mo mọ̀ tó máa gbé wọn débẹ̀, nítorí wọn ò lè retí kí òǹwòran gbà wọ́n, òǹwòran kò ní ìbò.

Láìpẹ́ yìí, Ìlú Ọba náà ti ń wo àwọn òpùrọ́ pẹ̀lú ìdùnnú. Láti ọdún 2022 ni BBC ti ń ṣe The Traitors nínú ààfin kan ní Scotland. Àwọn díẹ̀ di ọ̀dàlẹ̀, wọ́n ń fi òru yọ àwọn yòókù kúrò. Ní oṣù kìíní 2024, Harry Clark tàn ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí dé ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, ó gba £95,150, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì fi ṣe ààyò. Ó dà bíi pé wọ́n ti yí padà, ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: Claudia Winkleman, atọ́kùn ètò náà, ló fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀ pé kó lọ máa dalẹ̀. Wọ́n fún un níwèé àṣẹ. Irọ́ tí wọ́n fi rán ènìyàn kì í dun Gẹ̀ẹ́sì. Amẹ́ríkà ṣe tiwọn nínú ààfin kan náà, àwọn tó ti gbówọ́ nínú àwọn ètò bíi Survivor àti Big Brother ni wọ́n sì kó lọ pẹ̀lú àwọn aráàlú mẹ́wàá ní ìgbà àkọ́kọ́. Cirie Fields ló kó $250,000 lọ, ó fi àwọn méjì tó gbẹ́kẹ̀ lé e sílẹ̀ lọ́wọ́ òfìfo.

Àwa ńkọ́?

BBNaija, láti 2006 tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é àti láti 2017 tí wọ́n ti jí i dìde, ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì ló ń tọ̀ nínú òfin. Òǹwòran ló sábà máa ń ní ìbò, jíjíròrò orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ dárúkọ sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ní 2020, Laycon, ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn, gba ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ọjọ́ ìparí, ẹ̀bùn tó tó ₦85 mílíọ̀nù. Gómìnà Dapo Abiodun tún fi ilé àti ₦5 mílíọ̀nù lé e, ó sọ ọ́ di aṣojú àwọn ọ̀dọ́ ìpínlẹ̀ náà. Ìjọba Ìlú Ọba ò bá Craig débẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe nínú ilé, ìta la ti ń ṣe tiwa. Ìmùlẹ̀ wa kò sí lọ́wọ́ àwọn ará ilé, ọ̀dọ̀ àwọn olólùfẹ́ wọn ló wà: Titans ti Tacha, Icons ti Laycon. Wọ́n ń dáwó ìbò, wọ́n ń bá ẹgbẹ́ mìíràn ṣe àdéhùn lórí ẹni tí wọ́n máa jọ gbà là ní ọ̀sẹ̀ tí ẹni tiwọn kò bá sí lójú ìbò, wọ́n sì ń tú àdéhùn náà ká nígbà tó bá wù wọ́n. Nígbà tí wọ́n lé Tacha jáde ní oṣù kẹsàn-án 2019 nítorí ìjà rẹ̀ pẹ̀lú Mercy Eke, àwọn Titans ò tú ká. Wọ́n ṣí àpò ìdáwó sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún un ní dọ́là. Ọ̀sẹ̀ kejì rẹ̀ ni Mercy di obìnrin àkọ́kọ́ tó borí BBNaija, àwọn Titans kan ṣì ń ka ìjà náà kún gbèsè tí a jẹ wọ́n.